Ẹ̀bẹ̀ lórí Físà Ìfẹ̀yìntì Ọ̀gbẹ́ni Aarne Lehtola, Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ́ Lọ́wọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Iléeṣẹ́ Yín

Ilé 41/2, Ẹ̀yìn Oko Rọ́bà,
Ban Nong Krasae.

Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá, 2567
nínú kàlẹ́ńdà tiwa (2024 nínú kàlẹ́ńdà àwọn àjèjì).

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Rí sí Ìwọlé àti Ìjáde Àwọn Àjèjì,
Olú Iléeṣẹ́ ti Ẹkùn Wa.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ GBA ÌTẸ̀KA DÍPÒ ÌBUWỌ́LÙ, KÍ Ẹ SÌ KA ÌWÉ Ọ̀GBẸ́NI LEHTOLA SÍ ÈYÍ TÓ DÉ LÁSÌKÒ

1. Orúkọ mi ni Orathai Kongsin, ọmọ ọdún méjìlélógún. Mo parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé àti fọ́tò pélébé, ní òdìkejì ọ̀nà sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ yín ní ìlú wa. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn láràárọ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí mo sì fetí ara mi gbọ́, nìkan ni mo kọ síbí.

2. Ọ̀gbẹ́ni Aarne Lehtola jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Finland, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé wa ló ń gbé. Òun àti màmá mi, Lamduan, ti gbà láti jọ darúgbó. Ó wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú físà ìrìn-àjò afẹ́ ọlọ́gọ́ta ọjọ́, èyí tí yóò parí ní ọjọ́ 22 oṣù yìí. Kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé ni màmá mi ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí àlejò inú ilé wa. Ìwé bánkì rẹ̀ pé, fọ́tò rẹ̀ pé. Èmi ni mo yà á. Òfin yín gbà á láyè láti pààrọ̀ físà náà sí ti ìfẹ̀yìntì láìjáde kúrò nílùú, bó bá ṣáà ti mú ìwé rẹ̀ wá nígbà tó ṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán.

3. Ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Wet. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ wà nínú ọgbà yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn àjèjì to ìwé físà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ó wá sílé wa, ó jókòó, ó mu omi, ó wá sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Lehtola pé, “Bàbá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀ yẹn, èmi sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀.” Ọ̀gbẹ́ni Lehtola fi èdè wa dá a lóhùn, bí kò tilẹ̀ tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: “Ẹ ṣé o. Mo ní ẹsẹ̀. Màá rìn débẹ̀ fúnra mi.” Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Wet kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa o, Bàbá,” ó sì dìde lọ.

4. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù yìí, a lọ sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ yín. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń tò níbẹ̀: ẹni tó bá tètè dé á bọ́ bàtà rẹ̀ sórí ìlà, á lọ jókòó sábẹ́ igi, bàtà á sì máa dúró dè é títí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gbé bàtà Ọ̀gbẹ́ni Lehtola síbẹ̀. Òun ni ẹnì kẹta. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́jọ lù, Wet àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjì gbé àpò ìrẹsì kan dé, bàtà ló kún inú rẹ̀. Wọ́n to mọ́kànlá síwájú. Mo kà wọ́n. Wọ́n ju tiwa sínú gọ́tà.

5. N kò ní fi àṣìṣe Ọ̀gbẹ́ni Lehtola pamọ́. Inú bí i. Dípò kó fi ọwọ́ kó bàtà wọn kúrò, ẹsẹ̀ ló fi gbá wọn, ọ̀kan sì fò lọ bà lé Wet lórí. Pé kò sí àbùkù tó ju bàtà sí orí lọ láàárín wa, kò yẹ kí n máa sọ ọ́ fún yín. Òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, ó pẹ́ tí mo gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn.”

6. Wet fi akoto ọ̀kadà gbá a lẹ́nu. Eyín méjì jáde. Nígbà tó ṣubú, àwọn méjì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá ní ìhà àti ní inú. Màmá mi, tó ń sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tà lẹ́nu géètì yín, kígbe pé, “Ẹ fi í sílẹ̀! Àlejò ni! Kò mọ̀!” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyá, ẹ lọ yí ẹran yín, ó ń jóná.” Lẹ́yìn náà ni Wet bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gbẹ́ni Lehtola sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì yín, ó sì fara balẹ̀ bi í pé, “Ọwọ́ wo lẹ fi ń buwọ́ lùwé, Bàbá? Ṣé èyí ni?” Ó gbé akoto sókè, ó sọ ọ́ lé ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń dá igi ìdáná.

7. Ohun tí àwa náà ṣe rèé. Màmá mi fa ẹ̀mú yọ láàárín èédú, ó sì fi lu ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà lọ́rùn. Awọ ara bá ẹ̀mú náà wá. Èmi bu Wet jẹ lọ́rùn ọwọ́, n kò sì jẹ́ kó lọ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. N kò bá ẹnikẹ́ni jà rí kó tó dọjọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ yín méjì wà nítòsí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan sọ fún èkejì pé, “Má dá sí i, ọ̀rọ̀ bàtà ni.” Ọ̀rọ̀ ìjà náà wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a ti sọ tẹnu wa, Wet náà sì ti sọ tirẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín.

8. Egungun mẹ́rin ló kán ní ọwọ́ náà, wọ́n sì fi irin dè é. Ọjọ́ 25 oṣù yìí ni wọn yóò tún là á. Ìwé dókítà wà nínú àpò lẹ́tà yìí.

9. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7, ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Dókítà fún wa ní wákàtí mẹ́ta láti fi jáde ní ilé ìwòsàn. Mo ti Ọ̀gbẹ́ni Lehtola lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé ojú fèrèsé kẹrin. Ó fi ọwọ́ òsì buwọ́ lùwé, òógùn bò ó. Òṣìṣẹ́ yín wò ó, ó wo ìwé ìrìnnà, ó ní, “Èyí kò jọ ti inú ibí.” Mo ní, “Ọ̀gá mi, wọ́n ti ṣẹ́ ọwọ́ tó kọ tibẹ̀. Iwájú ilé yín níbí ni.” Ó ní, “Mo rí i. Kí ọwọ́ kọ́kọ́ san, kó tó padà wá.” Mo bi í bóyá ọwọ́ lè san kí ọjọ́ tó pé. Ó ní, “Àbúrò, èmi kọ́ ni dókítà,” ó sì pe nọ́ńbà tó kàn. Kò fún wa ní ìwé kankan tó fi hàn pé a wá. Nọ́ńbà ìlà wa, 47, tí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́.

10. Ẹ̀yin Ọ̀gá, nígbà tí ìyá màmá mi ta oko ìrẹsì rẹ̀, kò mọ̀wé. Ìka ló tẹ̀, ẹni méjì jẹ́rìí sí i, ìjọba gbà á, ilẹ̀ sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Bí ìka bá tó láti fi ta ilẹ̀ yìí, n kò rí ìdí tí kò fi ní tó láti fi tọrọ àyè láti gbé orí rẹ̀.

11. Bí ẹ kò bá dá sí i, ní ọjọ́ 22, Ọ̀gbẹ́ni Lehtola yóò jáde pẹ̀lú irin nínú ọwọ́ tí wọn kò tíì tún ṣe tán, lọ sí ìlú tí kò ti nílé mọ́, torí ó ti tà á. Bí kò bá sì jáde, ẹ̀yin ni ẹ óò tì í mọ́lé. Yóò wá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n lù ni òfin mú.

12. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ gba ìtẹ̀ka ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ti tẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù tó wà nínú àpò yìí, tí màmá mi àti nọ́ọ̀sì kan sì jẹ́rìí sí. Kí ẹ ka ọjọ́ 7 sí ọjọ́ tó mú ìwé wá. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn yín dé kí ọjọ́ 22 tó kọjá. Àga Wet nínú ọgbà yín, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ óò ṣe sí i.

13. Ó ku ọ̀kan. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Wet wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó fi ọwọ́ tó wé ní báńdéèjì sórí ẹ̀rọ, ó sì ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà ìwé kan. Mo ṣe é. Nígbà tó ń lọ, ó ní, “Mo gbọ́ pé o fẹ́ kọ̀wé sí àwọn àgbà. Àbúrò, ọwọ́ obìnrin kéré. Akoto ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún tìẹ.” Mo ronú lé e fún ọjọ́ méjì. Màmá mi ní kí n má fi orúkọ sí i. Mo ti fi sí i. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, ó sì ṣì wà lódidi ní òwúrọ̀ yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí ìdáhùn,

Orathai Kongsin (Omidan),
Òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dà ìwé, òdìkejì ẹnu ọ̀nà yín.