Àwọn Tí A Kò Tíì Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Wọn

Èrúwà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2025.
Òjò ṣú láti àárọ̀, kò sì rọ̀.

Adétóyìn, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo lérò pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ ní Èkó. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lójú títì máa ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ara màmá rẹ le, ẹ̀gẹ́ oko wa sì ti ń yọ ewé. Ọkàn tèmi nìkan ni kò balẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a ó fi máa tọ́jú orúkọ, èyí tí o fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, dé láyọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ mọ bí a ti nílò rẹ̀ tó, nítorí ikán ti jẹ ìwé orúkọ wa débi pé a kò lè ka irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní mọ́. O ní ọ̀fẹ́ ni, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, pé ẹni tó bá wù lè lò ó, kó wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Mo ka èyí fún ìpàdé. Alága wa, Bàbá Mùkáílà, béèrè pé ta wá ni a ó lọ kí. Ó ní nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ òun, a kì í fọwọ́ kan ẹ̀bùn kí a tó dúpẹ́. Ìwé tí mo kà nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kò kọ́ mi ní èsì èyí.

Mo tú inú ètò náà títí mo fi rí orúkọ àwọn tó kọ ọ́, igba ó lé mọ́kànlá. Mo fọwọ́ ara mi dà wọ́n kọ. Láti ìgbà náà, bí a bá ti pàdé, a ó dìde, a ó máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó dúpẹ́, a ó ṣàdúrà fún ìyá àti bàbá ẹni náà. Ọ̀kan ń jẹ́ kìkì lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà méje. Bàbá Mùkáílà ní ó jọ pé àbíkú ni, pé wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún un, a sì fi àdúrà kún tirẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́rin, ẹni kẹtàdínlógójì ni a dé. A kò tíì tẹ orúkọ ọmọ Èrúwà kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà.

Lánàá, Hàlímọ̀ nọ́ọ̀sì wá bá wa. Ó ní Hàbíbàt, ọmọ Bàbá Mùkáílà gan-an, yóò bímọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà àkọ́bí, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ó béèrè àwọn tí tiwọn bá tirẹ̀ mu. Mo na ìwé tí ikán jẹ sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé àwọn tí à ń ṣàdúrà fún yìí ni yóò wá fún un lẹ́jẹ̀ ni. Ó wá rọra bi Bàbá Mùkáílà pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí Bàbá fúnra wọn ti ń fi tọrẹ, ta ló ti wá kí wọn nílé. Bàbá ní kò sí, àwọn tó gbà á kò mọ òun. Hàlímọ̀ ní, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lára wọn ni.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́. Bá mi bẹ àwọn mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án tó kù pé a kò gbàgbé wọn, kí o sì wádìí bóyá ọ̀fọ̀ kankan ṣẹ̀ wọ́n. Oore tí o bá ṣe, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ níbẹ̀. Bí wọn kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí oore náà ṣáà dé.

Mo ti pinnu pé lọ́la, n ó kàn sí oníkálukú ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé rẹ̀, n ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, n ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. N kò tíì sọ fún Bàbá Mùkáílà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláyẹmí Adélékè.