Ẹ́ńjìnnì Tó Jáde Lábẹ́ Igi Gbẹ̀rẹ̀fútù Wa

Fuatino, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù ìlú Auckland. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú òkun erékùṣù Savai'i wa níbí kò ní gbàgbé rẹ láàárín àwọn ilé gíga yẹn. Ara ìyá rẹ le, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú bí mẹ́sàn-án, kókò wa sì ta dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé èmi ni mo kọ lẹ́tà yìí, torí ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ọ yan odì pé o lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn, ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀.

Ọkọ̀ kékeré pupa tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ kọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò yí. Ẹnìkan tó ń tún ọkọ̀ ṣe létí èbúté ní ká sọ ọ́ di ilé adìyẹ, inú sì bí mi. Ìgbà náà ni Lotomau, ìyàwó pásítọ̀, gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí n wo fídíò ẹni tó ń yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó jọ tiwa gẹ́lẹ́, tó sì ń fi èdè wa ṣàlàyé. Ọwọ́ nìkan ni mo kọ́kọ́ rí, ó dúdú fún ọ́ìlì, àmọ́ mo rí àpá tí irin tí a fi ń họ àgbọn dá sí ọ ní àtàǹpàkò. Mo ní ọmọ mi nìyí. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo tún kí ọ, o kàn ń bá sípánà rẹ lọ. Mi ò bínú, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í fọhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ jẹun, mo máa ń ní kí Lotomau dá ọ dúró kí ìwọ náà lè sinmi, ìyá rẹ a sì gbé kókò àti ẹja inú agolo síwájú fóònù. O ò jẹ ẹ́, Lotomau ló ń bá ọ jẹ ẹ́.

Bí o ṣe wí la ṣe. A tú bátìrì, a fa ọ́ìlì sínú abọ́ àlejò ìyá rẹ. Wáyà kọ̀ọ̀kan ni mo so àkísà sí kí n má bàa gbàgbé ibi tó ti wá. A yọ ọ̀pá méjì tó ń yí táyà iwájú. O ní ká má tíì ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíábọ́ọ̀sì, ká gbé méjèèjì jáde pọ̀ bí abiyamọ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni mo bá gbé okùn ọkọ̀ ìpẹja mi kọ́ ẹ̀ka igi gbẹ̀rẹ̀fútù, mo sì pe ọkùnrin márùn-ún. Paulo aládùúgbò wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Tavita, ṣebí ìwọ lo ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ta ló wá ń pàṣẹ fún ẹ yìí?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Di okùn mú."

Ẹ́ńjìnnì ti dé agbedeméjì nígbà tí wọ́n fọn ìkarahun òkun fún àdúrà ìrọ̀lẹ́. O mọ òfin abúlé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a bá fà á, ẹlẹ́dẹ̀ kan ni ìtanràn. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. A dúró bẹ́ẹ̀, a di okùn mú, a gbàdúrà. Paulo ló gbà á, kò sì gba àdúrà kúkúrú bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bó ṣe ní Àmín la fà á, méjèèjì sì jáde láìha ara ọkọ̀ rárá. Gbogbo abúlé wá wò ó. Mo ń sọ fún wọn pé Fuatino ọmọ mi ló yọ ọ́, mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

A ti ya gíábọ́ọ̀sì kúrò lára ẹ́ńjìnnì lórí ẹní, a sì rí àwo kílọ́ọ̀ṣì àárín wọn tó ti jẹ tán. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. O juwọ́ sí wa, o ní tí a bá fẹ́ dá a padà, ọ̀nà tí a gbà yọ ọ́ náà ni, ká kàn bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. A gbìyànjú. Nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ jíjù lo fi parí, gbogbo wa kọ́kọ́ juwọ́ sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó máa fi kan ibi okùn, a rí i pé Àmín ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí àdúrà tó tẹ̀lé e láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ní òun ò ní gbọ́ irú rẹ̀ létí òun. Ibẹ̀ la bá a dé.

Ìyá rẹ ti rí abọ́ rẹ̀. Jọ̀wọ́, fi ogójì tálà owó wa ránṣẹ́ fún òmíràn àti fún ọ́ìlì. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun ní tirẹ̀, má fi ránṣẹ́, gbé e wá fúnra rẹ ní Kérésì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ yẹn dáadáa. Lọ́jọ́ tí o lọ, ìyá rẹ nìkan ló sìn ọ́ dé èbúté. Èmi jókòó sílé, mo kẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí nǹkan gbà jáde náà ló ń gbà padà, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé èmi tí mo gbẹ́yìn ni wàá kọ́kọ́ rí ní èbúté.

Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, irin kò ní ṣe ọ́ léṣe, ìwọ ni wàá máa fọ́nnu fún ọmọ tìrẹ náà bí mo ṣe ń fọ́nnu yìí. Bí mo bá kí ọ ní èbúté, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tavita