Ẹsẹ̀ Màmá Enyonam Lórí Pákó

Ìlú Todzi, lórí òkè, ni a bí Màmá Afi Enyonam Klutse sí ní ọdún 1951. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, Olóògbé Kwadzo Agbozo. Ìyá rẹ̀, Olóògbé Afiwa, ń ta ẹja gbígbẹ. Adití ni Kosi, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí bàbá wọn bá fẹ́ pe Kosi, gìgísẹ̀ ló fi ń lu ilẹ̀ pákó ilé, ọmọ náà á sì yíjú. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́ ọ.

Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1973, ó sì fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Seth Klutse ní 1976. Kò mọ akple, òkèlè àgbàdo wa, rò. Ọkọ rẹ̀ ló ń rò ó títí Màmá fi kú. Nínú ìjọ, Màmá ló kọ́ àwọn adití láti máa fi ọwọ́ kọ orin.

Ní 1988, ó di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àwọn adití ní Todzi. Láràárọ̀, ó máa ń wọ ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, á fi gìgísẹ̀ lu pákó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á jí. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá dúró, kí gbogbo wọn sá jáde ni. Wọ́n fún un ní orúkọ ọwọ́: ìkúùkù tí a lù mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tó yá, ògiri ilé tí àwọn ọmọ ń sùn là. Màmá kò yé lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Lójú àwa ẹbí rẹ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ pé, "Mádáàmù, a ti gbọ́ o. Ẹ ṣe sùúrù."

Màmá ní, "Adití làwọn ọmọ mi, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, ẹ jókòó." Inú bí wa lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí wa dòní.

Ní oṣù kìíní 2010, Màmá sùn, kò jí mọ́. A kì í kéde ikú ní Todzi kí olórí ẹbí tó gbọ́, tiwa sì wà ní Lomé. A ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ pé Màmá lọ sí Keta. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Davi Yawa tó ń tọ́jú wọn ń dáná lọ́wọ́ nígbà tó rí wọn tí wọ́n ń tú jáde, tàwọn ti aṣọ ìbora. Ó fi ọwọ́ bi wọ́n pé, "Ta ló jí yín?" Wọ́n lu ìkúùkù mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan ní, "Màmá ti dé láti Keta. Ẹsẹ̀ wọn le lónìí, wọn ò dúró rárá."

Davi Yawa mọ ibi tí a gbé òkú Màmá sí. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, kò rí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan pákó: ó ń gbọ̀n. Bó ti ń padà sẹ́yìn ni ògiri wó lu àwọn bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ọmọ tó fara pa. Ká ní wọ́n ti mọ̀ pé Màmá ti kú ni, ta ni ìbá jẹ́ ìpè ẹsẹ̀ yẹn?

"Ẹ má bi mí pé ta ni," ni Davi Yawa wí fún wa. "Mo mọ ìrìn ọ̀gá mi."

Gbọ̀ngàn ìjọ ni àwọn ọmọ ń sùn báyìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe pákó, sìmẹ́ńtì ni. Síbẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ náà ń jí wọn láràárọ̀. Ẹ̀rù ń bà wá, a kò ní purọ́.

Màmá fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Sitsofe àti Delali. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Makafui, Elorm àti Eyram. Kosi àbúrò rẹ̀, àti gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà. Láti ọ̀la lọ, Kosi ni yóò máa jí wọn.

Màmá, ẹ sùn re. Kò ku ọmọ kankan nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sinmi.