Ọ̀bẹ Ọlọ́wọ́ Kan

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kejì, 1906. Ìlú Taal.

Ẹ̀gbọ́n Tunying, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, lọ bẹ Kulas létí òkun kó tún gba òun sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀. Kulas kò bú u. Ó kàn bi í pé, bí àwọ̀n bá há, ọwọ́ kan á di okùn mú, ọwọ́ kejì á yọ ọ̀bẹ. "Èwo ni ọwọ́ kejì, Tunying?" Ogun ló gba ọwọ́ òsì rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀.

Ó dé, ó jókòó sábẹ́ ilé wa tó dúró lórí òpó, kò jẹun. Ọkọ mi ń wò ó ṣáá. (Alágbẹ̀dẹ ni. Ẹwìrì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí bó ṣe máa ń mí hẹ̀ẹ̀ bó bá ń ronú. Ẹnu mi ò lè pè é létí rẹ̀.)

Ọjọ́rú, 7

Ẹwìrì fẹ́ rọ ọ̀bẹ tí ọwọ́ kan á lè ṣí. Èyí tó wà nínú àkọ̀ igi ò ṣeé mú lọ sójú omi — omi iyọ̀ a mú àkọ̀ wú, ọwọ́ méjì ní í fà á yọ. Ọ̀bẹ kíká ti ọjà, èékánná ọwọ́ kejì ní í ṣí i. Ẹ̀gbọ́n fi eyín dán an wò. Ètè rẹ̀ bẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Àkọ́rọ bàjẹ́. Ó ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Ẹ̀gbọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ló padé mọ́ ọn níka. Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ọwọ́ kan ló ṣẹ́ kù. Ṣé èyí náà lo fẹ́ gbà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 18

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀gbọ́n ń fi àtàǹpàkò la èèpo erèé fún mi, kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo èèpo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Ẹwìrì la àkọ̀ sí méjì, kí ó ṣí bí ti erèé, kí ó yí padà sẹ́yìn, kí àkọ̀ ọ̀hún wá di èèkù.

Ẹwìrì gbé kọfí tirẹ̀ sílẹ̀. Hẹ̀ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Ó ṣeé ṣe. Irin abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ti kán ló fi rọ ojú ọ̀bẹ. Èmi ni mo ha ìwo ẹfọ̀n tó fi ṣe èèkù títí ó fi dán — ọwọ́ mi ń rùn títí di ìsinsìnyí. Ìdajì kọ̀ọ̀kan ń yí lórí ìṣó tirẹ̀. Ju ọrùn ọwọ́, ó ṣí. Di ìdajì méjèèjì mú, kò lè padé mọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ gan-an ló tì í.

Àwọn aládùúgbò ní ìró rẹ̀ dà bí ìwo tó ń kán. Balisong ni wọ́n ń pè é. Mo bi wọ́n ní ìtumọ̀, kálukú ní tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹta

Kulas ti gbà á. A jẹ ẹja tulingan.

Ọjọ́rú, 7

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá. Àwọn náà fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ọwọ́ yín méjèèjì pé. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀kan ní, "Ó kàn dùn ún wò ni, Ìyá." Ẹwìrì rọ ọ́ fún wọn. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní parọ́, tèmi náà dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mú àkùkọ jà. Ọmọ Nana Sepa, ìyá kan ní àdúgbò wa, kú. Ọ̀bẹ wa ni.

Ọjọ́rú, 21

Nana Sepa fúnra rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó gbé ọ̀bẹ náà lé orí àtẹ̀gùn wa, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ gba ọmọ yín. Wọ́n ti sin tèmi." Ó lọ.

Ẹwìrì bu omi pa iná àgbẹ̀dẹ. Ó ní òun ò rọ irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi ni mo lọ ju èyí tí Nana Sepa gbé wá sínú odò.

Ọjọ́ Ẹtì, 30

Ẹwìrì kò tíì fọwọ́ kan owú.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹrin

Ìjì ká Ẹ̀gbọ́n àti Kulas mọ́ ojú omi. Okùn ìdákọ̀ró wé mọ́ Kulas lẹ́sẹ̀, ó fà á wọ omi. Ẹ̀gbọ́n bẹ́ tẹ̀ lé e. Kulas ló jókòó síwájú ilé wa tó ń sọ ọ́: "Eyín ló fi di ẹ̀wù mi mú. Ọwọ́ yẹn ló fi ṣí ọ̀bẹ, ló fi gé okùn." Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀bẹ náà bọ́ sínú òkun. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú. Kò bèèrè òmíràn. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sùn.

Ẹwìrì ò sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Iná ti jó ní àgbẹ̀dẹ kí n tó se kọfí. Kò wo ojú mi. "Ẹyọ kan," ló wí. "Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan." Mo wá ìwo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Ìró owú ò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti dúró lẹ́yìn ọgbà. Mo jáde, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, kò sí ti títà.

"A mọ̀, Ìyá," ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "A ó dúró."

Wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.