Kọ́kọ́rọ́ Méjì Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Sí ìyàwó Bàbá Rọra àti àwọn ọmọ rẹ̀,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ìtìjú ni àwa aláṣẹ ọgbà ẹranko yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọkọ yín, tó tọ́jú àwọn kìnnìún wa fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Bí ẹni ń rìn lójú àlá ni Bàbá Rọra máa ń rìn. Ní kùtùkùtù, nígbà tí kùrukùru ṣì bo gbogbo ọgbà, a ó gbọ́ súfèé rẹ̀ kí a tó rí i, àwọn kìnnìún á sì máa mí jẹ́jẹ́, àfi bíi pé oorun kan náà ló ń kùn wọ́n. Síbẹ̀ kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá pe kìnnìún ní ọmọ òun, kìnnìún ò ní pè é ní bàbá. “Rọra” ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ la ti sọ ọ́ lórúkọ.

Òun ló kọ́ wa pé kí ẹnì kan má dá ṣí ilé kìnnìún. Àgádágodo méjì, èèyàn méjì, kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí àwọn méjèèjì sì fi ojú ara wọn rí i pé ilẹ̀kùn àárín, èyí tó ya kìnnìún sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń wọlé, ti pa dé.

Ìyá àwọn ọmọ, lọ́jọ́ tí ẹ wá sí ọ́fíìsì wa, ìbéèrè kan péré lẹ bi wá: ṣé ọkọ yín ló gbàgbé ni? A dákẹ́. Ìdákẹ́ wa ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ ládùúgbò pé àfojúdi ló pa á. Háà, a ṣẹ̀ yín! Èrò pọ̀ nínú ọgbà lọ́jọ́ tí ọkọ yín kú. A mú ẹnì kejì rẹ̀ lọ sẹ́nu géètì, a kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lé ọkọ yín lọ́wọ́. Ó ní kò dáa, pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. A ní kó fara dà á, ọjọ́ kan péré ni. Eegun kékeré kan ló há sójú irin ilẹ̀kùn àárín, tí kò jẹ́ kó pa dé tán. Láti ibi tí ọkọ yín dúró sí, kò lè rí i. Ẹnì kejì ni ìbá rí i. Ibẹ̀ ni kìnnìún gbà yọ sí i. Kí a tó sáré débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọkọ yín ò gbàgbé nǹkan kan. Àwa la jẹ̀bi. A ti kà á sétí gbogbo òṣìṣẹ́, a sì ti kọ ọ́ síwájú géètì. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti di ti wa títí wọn yóò fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àkọ́bí yín ní ìwé yìí, kó mú un lọ sílé ẹ̀kọ́, kó kà á fún ẹnikẹ́ni tó bá fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

A ò ní kí ẹ dárí jì wá kíákíá. Ohun tí à ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí Ó tù yín nínú, kí Ó dá oorun padà sójú yín, kí ó má sì sí ọmọ kankan nílé yín tí orúkọ bàbá rẹ̀ yóò tún máa tì lójú láé.

Àwa aláṣẹ ọgbà ẹranko