Àwọn Ará Inú Ìkòkò Ti Dé Sílé Wa

Skarðsel,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìkójọ àgùtàn.

Hallbera, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù kò tíì máa mú ọ jù ní Reykjavík? Ọlọ́run tó ń dá ẹ̀mí ọmọ ẹyẹ sí lórí àpáta yóò dá tìrẹ náà sí, iṣẹ́ kò ní pa ọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ fín, atẹ́gùn kò sì ní gbé ọ ṣubú lójú títì. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, mo ń jẹun, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí. Ajá wa Kolur kí ọ, ìrù ló fi kí ọ.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi kò níwà. Mo pè ọ́, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e, mo gbọ́ ohùn rẹ kedere, o ní o ò sí nítòsí, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní ta wá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bí o ò bá sí nítòsí? O dákẹ́. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń dá ìyá ẹni lóhùn nígboro nìyẹn? O tún dákẹ́. Inú bí mi, mo ki fóònù náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ onírun, mo gbé e sínú àpótí kó lọ sùn.

O bi mí pé kí ni mo gbádùn jù nínú ọ̀sẹ̀ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o lè mọ̀ bóyá màá lè máa gbé ìgboro. O sì rán mi létí àdéhùn wa, pé bí mi ò bá rí èèyàn tó máa bá mi gun òkè lọ kó àgùtàn sọ̀kalẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án yìí, màá tà wọ́n, màá ti ilẹ̀kùn Skarðsel pa, màá wá máa gbé inú yàrá rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. O ní ọkùnrin tó fẹ́ rà wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn bí o ṣe bi mí, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan.

Ìwé tí o kọ ibi tí àlejò gbọ́dọ̀ lọ sí fún mi, mo gbìyànjú ẹ̀ o. Mo lọ sí ilé tí wọ́n kó nǹkan àtijọ́ sí, àfi bí mo ṣe rí ọpọ́n onígi tí Kolur fi ń jẹun nínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n tanná sí i lórí. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé a ní irú ẹ̀ nílé, pé ọbẹ̀ tiẹ̀ ṣì wà lára tiwa. Ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì. Ní ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń lọ wo àbùùbùtán, mi ò wọ̀ ọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń gbà, bẹ́ẹ̀ mo ń rí àbùùbùtán láti ojú fèrèsé nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, kò sì sí èyí tó bi mí ní tíkẹ́ẹ̀tì rí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oògùn ìsàlẹ̀ ilé rẹ. O máa tẹ̀ ẹ́, á pọ ìwé tó ní nọ́ńbà, wàá jókòó jẹ́ẹ́, nígbà tó bá yá iná pupa á kọ nọ́ńbà rẹ sára ògiri, agogo á dún, gbogbo èèyàn á yà fún ọ. Hallbera, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí báyẹn mọ́. Ọmọbìnrin orí káńtà bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní mi ò fẹ́ ra nǹkan kan, mo wá jẹ́ ìpè ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ra oògùn ló ń gba nọ́ńbà o, màmá. Mo ní ó dáa, mo lọ gba òmíràn. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Níjọ́ kan tó yíjú, mo fa ìwé náà bí ẹni ń fún wàrà, mo fi púpọ̀ sápò.

Ibi ìwẹ̀ ló wá kàn. Wọ́n ya àwòrán èèyàn kan sára ògiri, wọ́n kun orí, abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Mo rò pé ibi tí alápatà máa gé nìyẹn. Mo ní orí dáa, àwa náà ń jẹ orí, àmọ́ ta ló ń ra abíyá? Obìnrin tó ń ṣọ́ wa ní ibi tí mo gbọ́dọ̀ fọ̀ nìyẹn o, kí n bọ́ra sílẹ̀ pátá, kí n tó wọnú omi, òun ń wò mí. Orísun omi gbígbóná ẹ̀yìn ilé àgùtàn wa kò ní àwòrán, kò sì ní aṣọ́bodè, ṣùgbọ́n mo rántí pé a máa ń fọ àgùtàn kí wọ́n tó darí sáàárín ẹgbẹ́, ọkàn mi balẹ̀, mo gbé apá méjèèjì sókè fún un.

Bí mo ṣe jáde, ohun tí wọ́n ń pè ní ìkòkò ni mo rí, adágún kékeré omi gbígbóná, róbótó, èèyàn jókòó yí i ká nínú ẹ̀, orí nìkan ló yọ. Agbo ni! Irú agbo tí kálukú ti ń ya àgùtàn tirẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé aṣọ ìwẹ̀ péńpé nìkan ló wà lára wọn, o ò lè mọ ẹni tó ni wọ́n. Mo wọlé tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọmọ ta ni yín. Arúgbó ni èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá wọn ni Arngrímur, tó fi ìgbà kan wa ọkọ̀ ojú omi apẹja, ìjà lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n sì ń jà láràárọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo la ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀, mo ní àgùtàn mi wà lórí òkè, kò sẹ́ni tó máa kó wọn, ọmọ mi sì fẹ́ fi mí ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Arngrímur ní ha, ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lókè tiyín! Ó ní a ó wá. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní a ó wá, ìyá, a ó wá. Nígbà tí a wọṣọ tán, mo sọ ọjọ́ àti ọ̀nà ilé wa fún wọn, mo sì fún wọn ní ìwé nọ́ńbà ilé oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ketill. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà náà ṣe tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Mo wo etí rẹ̀. Ihò gbàgẹ̀dẹ̀ ní etí òsì, ibi tó gé díẹ̀ lẹ́yìn etí ọ̀tún. Hallbera, àmì tí a ń gé sí etí àgùtàn wa ni! Mo di etí náà mú, mo ní ọmọ, ti Skarðsel ni ọ́. Ó ní yéè, màmá, oge ni mo fi lu ti òsì, ajá ló bu ti ọ̀tún jẹ. Mo ní gbogbo àgùtàn ló ní àlàyé tiẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọ lálẹ́, o fọwọ́ bojú, o ní Màmá, wọ́n kàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígboro. Níbí, ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, ó ti ń bọ̀ nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, èmi àti Kolur nìkan la wà níta, mò ń so bàtà, mo sì ń sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ni mo bá gbọ́ bọ́ọ̀sì. Arngrímur ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, àwọn ará inú ìkòkò tẹ̀ lé e, ọ̀kan dé fìlà ìwẹ̀ nítorí òjò, ìwé nọ́ńbà wà lọ́wọ́ kálukú, ó ti fún jọ. Wọ́n tò, wọn ò sì gbà láti gun òkè àfi kí n pe nọ́ńbà wọn. Mo gun orí agolo wàrà, mo pè é, ẹni tí mo bá pè á dáhùn, á lọ. Arngrímur ń pàṣẹ bí ẹni wà nínú ìjì, ó ní ẹ yà sósì, ẹ yà sósì, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Mo rò pé ẹ̀rù igbe yẹn ló lé àgùtàn sọ̀kalẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó kù lókè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ arúgbó náà ọwọ́ ni.

Ketill náà wá. Nígbà tí a ń yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn aládùúgbò wa tó ṣẹ́kù yẹ etí rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n ní kò sí àríyànjiyàn, kó bọ́ sí apá tiwa. Ó rìn wọlé fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, sọ fún oníbàárà Sátidé kó jókòó sílé rẹ̀. Ohun tí mo gbádùn jù nígboro, mo ti kó o wálé, àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé.

Ìṣòro kan ló wà. Wọ́n ti rí orísun omi ẹ̀yìn ilé àgùtàn. Láti àná ni wọ́n ti wà nínú ẹ̀, wọ́n ń jà lórí ìjọba, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ti wọ̀ ọ́. Kọfí mi ti tán. Jọ̀ọ́, fi owó kọfí, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà òjò lé e fún Ketill, torí bàtà ìgboro ló wọ̀ wá, ẹrẹ̀ sì ti gbé ọ̀kan lọ. Ó ń wo àwòrán rẹ lára ògiri, ó bi mí pé ọmọ ta nìyẹn. Mo ní tèmi ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á fún ọ ní ọkọ tó mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ohun tí o bá wá kò ní sá fún ọ. Lálẹ́ àná tí mo ti ilẹ̀kùn agbo, gbogbo ẹni tó ní àmì wa ló ti wọlé. Etí tìrẹ mọ́ lóló, kò lámì, bóyá ìdí nìyẹn tí ìgboro fi rò pé tòun ni ọ́.

Nọ́ńbà kan ṣẹ́kù lápò mi. Mo ti fi í sínú àpò ìwé yìí. Mo ń pè é.

Ìyá rẹ,
Steinvör