Ó Ti Kán, Mà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Òkè-Lísà,
                                        Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Fọláhànmí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Fọlárìn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Olúwatóbi àti Ìtùnú ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Mo gbọ́ pé omi ẹ̀rọ ti padà dé sí àdúgbò Ijapo yín, ẹ kú oríire. Àwa náà wà níbí. Ara mi le. Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu, pé ara mi le.

Mi ò kọ lẹ́tà mọ́ láti ìgbà tí fóònù ti dé, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù nínú ilé tí afọ́jú wà, torí etí wọn ti mú ju ti ológbò lọ. Tí o bá kà á tán, kí o dáná sun ún.

O mọ ìyá ọkọ mi. O wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí oyún oṣù méje bọ́ lára mi, tí wọ́n wá kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí wọ́n wo aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, tí wọ́n ní, "Ewúrẹ́ pàápàá ń bímọ láàyè." Ìwọ lo dì mí mú. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò sì gbàdúrà kí n gbàgbé.

Oṣù Kejì ọdún yìí ni dókítà ojú kan ní Àkúrẹ́ sọ fún wọn pé gílákómà ló ń ṣe wọ́n, àrùn tó máa ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀ tí kì í dá a padà. Ó fún wọn ní oògùn, ẹ̀kán kan ní ojú kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan nírọ̀lẹ́. Ó ní bí wọn ò bá fo ọjọ́ kankan, èyí tó kù nínú ojú wọn á dúró. Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń ka Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà. Mo na ọwọ́ láti gba oògùn náà, wọ́n fà á sẹ́yìn níṣojú dókítà, wọ́n ní, "Ọwọ́ tí kò lè di ọmọ mú ò ní kan ojú mi." Adébùsóyè ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Ó dáa. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣe wọ́ọ̀dù mẹ́ẹ̀dì, òṣìṣẹ́ tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ní ọsibítù, láyé tí wọ́n ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó fi gún ẹlòmíràn. Wọn ò gba ike tí oògùn náà wà nínú rẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní téèyàn bá fún un, ẹ̀kán méjì mẹ́ta ló ń dà, òfò ni. Wọ́n tú oògùn sínú ìgò kékeré kan, wọ́n wá ń fi dírọ́pà àtijọ́ tí wọ́n gbé wálé nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì fà á, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní rọ́bà pupa lórí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń se dírọ́pà yìí nínú ìkòkò, tòun ti rọ́bà rẹ̀, títí omi yóò fi hó dáadáa. Rọ́bà tí èèyàn ń sè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹyin, kí ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀?

Lẹ́yìn Àjíǹde, mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 nípa afẹ́fẹ́. Mo mú dírọ́pà dání. Mo ní, ẹ rò pé rọ́bà yìí ló ń fa omi sókè, irọ́ ni. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde. Tí a bá tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ní tó mọ́, afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ omi inú ife mọ́lẹ̀ á sì ti omi náà gòkè wọ inú gíláàsì. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣiṣẹ́, rọ́bà kàn ṣí àyè sílẹ̀ fún un ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar nawọ́, ó ní, "Mà, tí ihò bá wà lára rọ́bà ńkọ́?" Mo fi ẹnu kọ́ńpáàsì dá rọ́bà náà lu. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u sílẹ̀, omi ò gòkè. Ojú ihò ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé, kò sí àyè fún omi mọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí i. Màmá jókòó ní fàráńdà, wọ́n ti dírọ́pà bọ inú ìgò, wọ́n tẹ rọ́bà, mo sì rí ibi tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e sókè, gíláàsì ṣófo. Wọ́n gbé orí sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú. Nǹkan kan ò kán. Atẹ́gùn ló fẹ́ sí wọn lójú, wọ́n sì ṣẹ́jú bí ẹni tí oògùn kàn. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi, torí ojú wọn ò tún lè rí ẹ̀kán mọ́, "Ìbídùn, ṣé ó ti kán?"

Mo ní, "Ó ti kán, mà."

Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án ni mò ń sọ ọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé mi ò mọ̀. Ìwọ nìkan ni kò lè sọ ọ́, torí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí ní yunifásítì nígbà tí wọ́n kọ́ wa nípa afẹ́fẹ́. Oògùn náà ò tán, inú Màmá sì ń dùn. Wọ́n ń fi ìgò náà han àwọn ìyá ìjọ, wọ́n ní ẹ wo oògùn tí mo rà láti Àjíǹde, àpà ni àwọn tó ń ra tuntun lóṣooṣù. Ọkọ mi ní ìyá òun mọ nǹkan tọ́jú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ da tíì gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lórí tábìlì, títí ó fi dé itan wọn, kí n tó pariwo.

Oṣù tó kọjá la padà sí Àkúrẹ́. Dókítà tan iná sí ojú wọn. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, ojú òsì ló ku ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó béèrè oògùn, Màmá fi ìyangàn yọ ìgò àti dírọ́pà jáde. Dókítà tẹ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó fi ibi tó là han ọkọ mi. Ó ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi, ó ku díẹ̀ kí n bá a parí gbólóhùn. Ó wá béèrè ẹni tó ń gbé pẹ̀lú Màmá. Ọkọ mi dáhùn pé, "Ìyàwó mi ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni." Ó tilẹ̀ ń fi mí yangàn. Dókítà wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí, àwọn làwọn ní kí n má fọwọ́ kàn án, òkèèrè ni mo ti ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo mú dírọ́pà Màmá lọ sílé ìwé. Mo fi àtàǹpàkò dí ibi tó là, mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u sílẹ̀. Omi gòkè, gíláàsì kún. Ìka kan péré ni gbogbo rẹ̀ fẹ́.

Báyìí, èmi ni mò ń kán an, láti inú ike tuntun. Màmá ò gbà kí ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n á gbé orí lé mi nítan, wọ́n á ya ẹnu díẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Orí arúgbó wúwo, Fọláhànmí. Nírọ̀lẹ́ àná, mo kán an, mo ní, "Ó ti kán, mà," kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n gbé itọ́ mì, wọ́n tún gbé e mì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èyí korò dé ọ̀fun. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó máa ń korò bẹ́ẹ̀. Ó wá dẹ́kun láti Àjíǹde, ọma mi."

Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọ ilé yìí, wọn ò pè mí ní ọma, ọmọ wọn, rí. Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, ọwọ́ tí kò lè di ọmọ mú, wọ́n dì í mú, wọn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ìrẹsì fi jóná lórí iná. Wọ́n mọ̀. Wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí èmi ni ojú tó kù fún wọn.

Má kọ̀wé tù mí nínú. Bá mi kí Fọlárìn àti àwọn ọmọ. Màmá ti ń pè mí láti fàráńdà, àkókò oògùn ti tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀,

Ìbídùn.